Nancy Ló Gbé Fóònù

Ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta iná oòrùn ní Yaba, ẹni tó bá gbé fóònù gbọ́dọ̀ kí oníbàárà, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó sì béèrè ohun tó fẹ́, kíá. Orúkọ náà kì í ṣe èyí tí òbí sọni o. Ilé iṣẹ́ ló ń fúnni. Nancy ni wọ́n fún Adùnọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé! Wọ́n tún kọ́ ọ ní ohùn tó bá orúkọ náà mu, ohùn jẹ́jẹ́ kan tó ń gba imú jáde. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa, gbogbo ìyẹn ti di èèwọ̀.

Adùnọlá sì fẹ́ iṣẹ́ yìí. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi dán an wò ń parí lọ́jọ́ náà, Àǹtí Christianah, ọ̀gá wọn, sì jókòó tì í, ó gbé fóònù kejì sétí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ.

Àmọ́ àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò ti gbúròó ara wọn. Inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ni fóònù tirẹ̀ ń wà látàárọ̀. Kó tó padà dé ilé rẹ̀ ní Àgùdà lálẹ́, bátìrì fóònù ìyá á ti kú. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Tejúoṣó, ó gbọ́ tí obìnrin kan wúkọ́ bíi tìyá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé onítọ̀hún títí dé ìsọ̀ aláṣọ.

Fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, Nancy ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé mo ń dí yín lọ́wọ́ o. Ara páálí iná tẹ́ ẹ tà fún wa ni mo ti rí nọ́ńbà yìí. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, Adùnọlá lorúkọ ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ni! Ó wo Àǹtí Christianah. Ìyẹn nàka sí aago.

"Kí lẹ fẹ́ ká bá yín sọ fún un, mà?" Ohùn Nancy ló fi sọ ọ́.

"Kò sí nǹkan kan o. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ara mi le. Ohùn ẹ̀ ló kàn ń wù mí láti gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Mà! Ìyá tó bí i lọ́mọ ń pè é ní mà. Ó dun Adùnọlá wọra. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ọ́fíìsì.

"Màámi, èmi ni. Adùnọlá ni. Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fa ikun.

"Adùn mi. Dìde nílẹ̀. Dìde, kí wọ́n má lọ bá ẹ wí." Ó sì yára pa fóònù, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Àǹtí Christianah kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní kó dìde. Adùnọlá gbọ́. Ó ṣì wà lórí eékún, ó di fóònù mọ́ etí, bóyá ìyá rẹ̀ á tún pè é ní Adùn lẹ́ẹ̀kan sí i.