Ẹsẹ Tí Dúró Fi Kún Orin Sàídátù

Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ni mí. Sìdíkàt ni orúkọ mi, ẹnu mi ò sì dùn; kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú.

Ní Ìkátẹ̀, lọ́dún 1966, àbúrò mi Gàníyù wọkọ̀ ojú omi láti lọ pẹja lójú òkun, kò sì padà mọ́. Ọkọ̀ la rí, a ò rí òun. Láàárín àwa apẹja, bí omi bá gbé èèyàn tí a ò rí òkú rẹ̀, a kì í sọ pé ó kú, a kì í sì í dárúkọ omi nínú orin rẹ̀. À ń dúró dè é ni. Ìdí nìyẹn tí Sàídátù ìyàwó rẹ̀ fi kọ orin tí kò sí ikú nínú rẹ̀, tí kò sí òkun. Ọkùnrin kan láti Èkó gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n fi gìtá sí i, ó di rẹ́kọ́ọ̀dù:

Mo gbé oúnjẹ rẹ bò, mi ò ti ìlẹ̀kùn,
Olówó orí mi, ilẹ̀ ti ṣú.

Gbogbo Èkó ló sunkún sí i. Àwa nìkan la mọ ẹni tí wọ́n ń sunkún fún.

Lọ́dún 1982, mo ń ta ẹja yíyan lọ́jà Ajah nígbà tí orin náà jáde nínú rédíò awakọ̀ kan. Ohùn ọkùnrin ni, ìlù rẹ̀ sì ti yá. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ kan tí kò sí níbẹ̀ rí:

Ilé obìnrin kan ló yà sí,
Ó ń jẹ iyán, ó ń rẹ́rìn-ín,
Kò rántí ilé mọ́.

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi. Gàníyù, tí kì í wo obìnrin míì lójú? Tí kò sì sí níbẹ̀ láti sọ pé irọ́ ni? Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, òun nìkan sì ni àbúrò mi fi sílẹ̀. Mo pinnu pé wọn ò ní bà á jẹ́ lójú mi.

Mo wádìí olórin náà. Dúró Odùkọ̀yà ló ń jẹ́, Awoyaya ló ń gbé. Mo wọ mọ́tò lọ bá a, mo sì bú u débi tó yẹ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Sọ̀rí, mà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn. Mo rò pé ọkọ ló já màmá yẹn sílẹ̀ ni. Wọn ò sọ níbì kankan pé ó kú."

"A kì í sọ ọ́ ni."

"Ẹ má bínú, mà. Màá yọ ẹsẹ yẹn kúrò, màá tún orin náà gbà sílẹ̀."

"Wá sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀."

Bí a ṣe dé Ìkátẹ̀, Sàídátù ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà ọdún iléyá, Àǹtí," ó ní. Ó wá yíjú sí Dúró. "Má yọ ọ́."

"Sàídátù, ṣé orí ẹ pé? Ó ń ba ọkọ ẹ lórúkọ jẹ́ kiri ìlú."

"Irọ́ ni, mo mọ̀." Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n nínú orin tèmi, mi ò mọ ibi tó wà. Nínú tọmọ yìí, ó wà láàyè. Tí mo bá ń gbọ́ ọ, mo máa ń bínú sí i, bí gbogbo obìnrin ṣe ń bínú sí ọkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n máa bínú sí i, Àǹtí."

Ẹ̀yìn mi ni Gàníyù dàgbà sí. Mo fa àpótí kan, mo jókòó, mo ní kí Dúró kọ ẹsẹ náà kí n gbọ́ ọ dáadáa.

Ó kọ ọ́. Nígbà tó parí, mo bi í bóyá obìnrin yẹn mọ̀ pé àbúrò mi kì í jẹ ata.