Ìṣẹ́jú Mẹ́rin fún Ìyá Ẹni

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣẹ́ ìkíni ni. Ilé-iṣẹ́ kan ló wà tó jẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ bá dí jù láti kí ìyá rẹ, wàá sanwó fún wọn, wọn á bá ọ kí i. Àràárọ̀ ni, àyàfi Sátidé àti Sọ́ńdè, àfi bí ẹni pé àwọn arúgbó kì í dá wà lópin ọ̀sẹ̀. Nínú yàrá gbọọrọ kan tí kò ní fèrèsé, ogójì èèyàn jókòó ní ìlà-ìlà, oníkálukú gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kọ́rí, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìyá oníyàá bóyá ó sùn dáadáa. Ìwé ìbéèrè wà níwájú wọn. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Bí ẹni tí wọ́n pè bá bú sẹ́kún, ìwé náà ní kí wọ́n sọ pé "Mo gbọ́ yín" lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àkókò bá ti fẹ́ pé, iná pupa kan á máa ṣẹ́jú lórí tábìlì, ọ̀gá wọn obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìṣẹ́jú Mẹ́rin bí kò bá sí nítòsí, á ti dé ẹ̀yìn àga.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tí à ń sọ yìí níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù tó tirẹ̀. Àwọn arúgbó máa ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ni kí wọ́n jẹ́ kó máa pe àwọn. Bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ tuntun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé onítọ̀hún jókòó sí, kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹni tó bá gbọ́ bí Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣe ń bá ìyá tó bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀ kò ní gbà pé èèyàn kan náà ni. Ariwo ni. Kì í kúkú ṣe pé ó kórìíra ìyá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá náà fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, láàárín àwọn ẹ̀rọ tí kì í sinmi, àwọn ẹ̀rọ náà sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ti ọ̀tún ti kú pátápátá, ti òsì ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Bó o bá fẹ́ kó gbọ́ "ẹ káàárọ̀" lásán, àfi kó o figbe ta. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sì figbe ta, bó ti wù kó dáa tó, bí ìjà ló máa ń dún. Ta ló lè pariwo "ṣé orúnkún yín ṣì ń dùn yín" lẹ́ẹ̀mẹrin tí inú ò ní bí i kó tó dé ẹ̀karùn-ún? Nígbà tó yá, ìbínú ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Orí fóònù tún wá burú jù. "Kí lo wí?" "Kí lẹ wí?" ni wọ́n á jọ máa bi ara wọn títí ọ̀kan á fi pa á. Àǹtí Jẹ́jẹ́ bá jáwọ́ ńbẹ̀, ó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ojú ìyá ti ń ṣú, kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Àǹtí Jẹ́jẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń kọ ọ́. Ta ló ń tàn jẹ? Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní Sátidé, ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sílé ìyá, á gun àkàsọ̀ dé àjà kẹta, á kó oúnjẹ sínú fíríìjì, á fọ balùwẹ̀, á pariwo díẹ̀, á sì máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, àfi ìgbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè kan tí orúkọ ìyá rẹ̀ yọ gannboro lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ, òpópónà, nọ́ńbà ilé, àjà kẹta, kò sí èyí tó yingin. Ẹni tó forúkọ wọn sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní ìlú tó jìnnà. Ẹ̀gbọ́n tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn láti ọdún mẹ́rin, òun ló lọ ra ìkíni fún ìyá rẹ̀ bí ẹni ra ọṣẹ. Kò tilẹ̀ sọ fún àbúrò rẹ̀. Bóyá kò sì rántí ibi tí àbúrò náà ti ń ṣiṣẹ́.

Inú bí Àǹtí Jẹ́jẹ́ gan-an. Òfin ibẹ̀ ni pé bí orúkọ ẹbí ẹni bá jáde, kéèyàn nawọ́ sókè, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Kò nawọ́. Ohun tó ń rò ni pé ìyá á gbé ìpè náà, á mọ ohùn òun, àwọn méjèèjì á sì jọ bú ẹ̀gbọ́n náà dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ló wí, ohùn iṣẹ́ ló sì fi wí i, torí ìyẹn lẹnu rẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ìyá dáhùn. "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ó máa pè mí? Fóònù tí wọ́n gbé wá fún mi yìí mà dáa o, ńṣe ló ń gbé ohùn sókè. Mo gbọ́ yín ketekete. Ohùn yín sì dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ."

Kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ ọ́n? Ariwo nìkan ló mọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ yìí, kò gbọ́ ọ rí.

Ó yẹ kí Àǹtí Jẹ́jẹ́ sọ ẹni tí òun jẹ́ nígbà náà. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyá fi ń bá àjèjì tí kì í ṣe àjèjì sọ̀rọ̀. Ó sọ bí àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣe máa ń fi ètè àti ìka sọ̀rọ̀ láàárín ariwo ẹ̀rọ, tí wọ́n á ti ṣòfófó tán kí ọ̀gá tó yíjú. Ó ní láti ìgbà tí obìnrin tó ń gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ ti kó lọ, òun lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí òun má la ẹnu sọ nǹkan kan, tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ń kí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rí. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ìyá ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ti ń pè é ní ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi.

"Mo bí obìnrin kan," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Ó ń gbìyànjú o. Ó ń wá. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé báyìí, ìjà ló máa bá mi jà títí á fi jáde. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe é, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ka ohun tó wà nínú ìwé. "Mo gbọ́ yín," ló wí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gun àkàsọ̀ lọ pẹ̀lú ìpinnu pé òun ò ní pariwo. Ó jókòó lódìkejì tábìlì, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá wo ètè rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ le.

"Kí lo ń kùn sínú?" ni ìyá bi í. "Bú mi jáde, kí n gbọ́."

Inú bí Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ó pariwo. Ó fọ balùwẹ̀, ó sì lọ.

Ní Mọ́ńdè, bó ṣe pè báyìí, ìyá ò dúró de ìbéèrè oorun. "Ọmọ mi, Tọ́sìdé yìí ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sún un síwájú, dókítà ní tí mo bá tún yẹ̀ ẹ́, ojú náà máa lọ nìyẹn. Wọ́n á di ojú mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí náà, ẹni tí kò bá mú èèyàn dání, wọn ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ẹ ti sọ fún ọmọ yín?" Ìbéèrè yẹn ò sí nínú ìwé.

"Rárá o! Kó wá máa pariwo lé mi lórí níwájú dókítà? Kí n dijú, kí n má lè rí ètè ẹni tó ń bú mi? Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìwọ ò lè bá mi lọ? Kó o kàn jókòó tì mí, kó o máa bá mi sọ̀rọ̀ bó o ṣe máa ń ṣe yìí. Tí kò bá ṣeé ṣe, màá kúkú fi í sílẹ̀. Màá máa fi èyí tó kù táràrà."

Iná pupa ti ń ṣẹ́jú. Ọwọ́ Ìṣẹ́jú Mẹ́rin ti wà lẹ́yìn àga. Ìdáhùn sí irú ẹ̀bẹ̀ báyìí sì wà nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n fa ìlà sí i nídìí. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà, ẹnu rẹ̀ kà á kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kàn sí ẹbí yín fún ìyẹn."

"Ẹ ṣeun," ni ìyá wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

"O ti fi ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá kọjá," ni ọ̀gá wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi ni wọ́n."

"Ìyá gbogbo wa ni wọ́n. Pe ẹni tó kàn."

Ariwo tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ pa nínú yàrá yẹn, ó ṣeé ṣe kí àwọn arúgbó tó wà lórí ìlà gbọ́ ọ. Ó ní kí ọ̀gá gbé ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀, kó fi pe ìyá tirẹ̀. Ogójì orí ló yíjú wò ó. Kò dúró mú àpò oúnjẹ rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì méjèèjì, ó ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bú ọ̀gá rẹ̀, ó ń bú àwọn tó ni ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó bú ara rẹ̀ kẹ́yìn. Bó ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ariwo ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú yín ní Tọ́sìdé? Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ lójú ni?"

Ìyá ta gìrì. Ẹ̀gbẹ́ fóònù yẹn náà ló jókòó sí. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́!"

"Èmi? Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún." Ojú ìyá yí padà. "Ó ti lọ tú mi fó. Mo pè é lọ́rẹ̀ẹ́, ó lọ ń pín ọ̀rọ̀ mi kiri." Ó na ọwọ́, ó fa okùn fóònù náà yọ lára ògiri.

"Èmi ni! Èmi ni mò ń pè yín látọjọ́ yìí!"

Ìyá wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ìwọ kẹ̀? Ọmọ yẹn kì í pariwo mọ́ èèyàn. Jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní, má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ ń kí ẹ̀rọ ìfọṣọ! Ẹ sọ fún mi pé ẹ̀rù mi ń bà yín!"

"Háà! Ó sọ ìyẹn náà fún ọ?"

Bó ṣe ń pariwo sí i ni kò jọ ẹni tó ní òun jẹ́. Gbogbo ẹ̀rí tó mú wá, ẹ̀sùn ló ń dà sórí ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn tó wà ní yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri. Àǹtí Jẹ́jẹ́ yípo tábìlì, ó kúnlẹ̀ sápá òsì ìyá rẹ̀, ó sì fi ẹnu kan etí náà. Kò rántí ìgbà tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀ ló jáde.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ọ̀sán ti pọ́n gan-an.

"Tún un wí," ni ìyá wí.

"Ṣé ẹ sùn dáadáa? Orúnkún yín ńkọ́?"

Ìyá di etí tábìlì mú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ní ohùn yìí?"

"Ọdún mẹ́fà."

"Ọdún mẹ́fà. O ní in lọ́wọ́. Ìyá oníyàá lò ń gbé e fún láràárọ̀. Èmi tí mo bí ọ, ariwo lò ń gbé gun àkàsọ̀ wá fún mi."

Èsì wà lẹ́nu Àǹtí Jẹ́jẹ́ o. Etí yín ni! Ọmọ yín ọkùnrin ni! Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ò tíì parí ọ̀rọ̀.

"Láàárọ̀ yìí, mo bẹ̀ ọ́ pé kó o bá mi lọ. Ìwọ yìí gan-an ni mo bẹ̀. O ní kí n kàn sí ẹbí mi."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń bọ́ sí èjìká ìyá rẹ̀, ìyá ò sì nawọ́ nù ún.

"Aago mélòó ni Tọ́sìdé?" ló bi í létí.

"Méje. Inú ṣì ń bí mi o."

"Inú ń bí èmi náà," ló wí, jẹ́jẹ́, kò sì gbé ẹnu kúrò létí rẹ̀.