Bọ́ọ̀dù Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ kẹta ọdún tuntun ni Kiyoharu ya fọ́tò ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sán ni, òjò dídì sì ti bo ọgbà mọ́lẹ̀. Sumie ti sùn lọ lórí ibùsùn tí wọ́n gbé sí pálọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, ìka márààrún ṣí sílẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń retí kí wọ́n fún òun ní nǹkan. Kiyoharu kò fẹ́ jí i. Oorun ti wọ́n nínú ilé náà. Ó rọra fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà kí ó lè mọ bí ìka kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, ó ya fọ́tò kan ṣoṣo, ó sì pa dà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ló kù. Àrùn tí ń jẹ iṣan ni dókítà pè é. Nígbà tí wọ́n ń kórè ìrẹsì ló mú ẹsẹ̀ Sumie méjèèjì, kí òtútù tó dé ó ti mú ọwọ́ òsì, ohùn rẹ̀ náà sì ti ń wúwo bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àmọ́ ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún ṣì lè tẹ nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì tún gbéra.

Ohun kan ni Sumie fẹ́ fi wọ́n ṣe. Chinami, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lóyún sínú nílé ọkọ rẹ̀ níhà gúúsù, oṣù kẹta ni yóò bí. Sumie fẹ́ kọ lẹ́tà kan sí ọmọ inú yẹn, lẹ́tà tí yóò kà fúnra rẹ̀ bó bá ti mọ̀wé. Ìyá tó bí Sumie kú láìfi gbólóhùn kan sílẹ̀, òun kò sì fẹ́ kú bẹ́ẹ̀.

"Máa sọ ọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́," Kiyoharu ti wí fún un.

"Ẹ̀yin?" Sumie ní. "Bàbá Chinami, lẹ́tà mẹ́ta lẹ kọ sí mi kí a tó fẹ́ra. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló kún inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá ní inú mi dùn, ẹ̀yin á kọ ọ́ pé atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀."

"Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ojú kọ̀wé ṣì wà nílé ìwòsàn o."

"Mo ti lò ó. Ojú mi kàn ń ṣomi ṣáá ni. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ìka ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Òótọ́ ni. Ọ́fíìsì èbúté ló ti ṣe akọ̀wé, òun ló ń tẹ ìwé gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé ń lò ti gbòòrò jù fún un báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè rìn dé ìpẹ̀kun rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì le.

Bí ẹnìkan bá wà nílùú Niigata tó lè wá nǹkan ṣe sí èyí, Kiyoharu ni. Ó ti tó ogún ọdún tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sátidé kẹta oṣù, tí kálukú ń gbé kíbọ́ọ̀dù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n á máa tẹ ti ara wọn, wọ́n á dijú láti gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ ní ọjà, wọ́n á fún un ní tíì, àmọ́ wọn kì í bi í léèrè nǹkan kan.

Nítorí náà Kiyoharu jókòó ti ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya bọ́ọ̀dù, pátákó pẹlẹbẹ tí àwọn bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù máa ń jókòó lé. Ó tẹ́ fọ́tò ọwọ́ Sumie sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, ó sì gbé bọ́tìnnì méjìdínlógún sí ibi tí ìka rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ náà má baà rin ìrìn kankan. Bọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ bí páálí, nítorí ọrùn ọwọ́ Sumie kò lè gòkè. Sípíríǹgì tó rọ̀ jù lọ tí wọ́n ń tà ni yóò wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀nà bàbà tíín-tìn-tín láti ara bọ́tìnnì kan dé èkejì. Ọ̀nà kan kò gbọdọ̀ gba orí òmíràn kọjá. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ pàdé, a ó lu ihò, ọ̀kan á gba abẹ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Nínú ètò yẹn, bí ohun kan bá wà níbi tí kò yẹ, èèyàn lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó parí, ó ní kí ètò náà yẹ iṣẹ́ wò. Ètò náà rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáhùn pé kò sí àṣìṣe kankan.

Àṣà kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, Kiyoharu fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi bú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ láìkọ́kọ́ tẹ àwòrán rẹ̀ sórí bébà ní ìwọ̀n gidi, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí ó sì gbé ọwọ́ lé e. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí máòsì kọ̀ǹpútà, ó gbé òsì lé bébà náà, gbogbo ìka sì bá bọ́tìnnì. Ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun, ní Ṣáínà.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀dù dé. Ó fi òjé jó àwọn bọ́tìnnì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e wọ pálọ̀ bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún.

"Ó rẹwà o," Sumie wí. "Ó kéré bí ẹja gbígbẹ."

Kiyoharu yí ọwọ́ rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó sì gbé e lé e. Ó sún un díẹ̀. Ó tún sún un.

"Bàbá Chinami, àtàǹpàkò mi ò rí ilé o. Ọmọdinrin ló jókòó síbi tó yẹ kó wà."

Ó wo ọwọ́, ó wo bọ́ọ̀dù. Ó dojú bọ́ọ̀dù dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní bọ́tìnnì, òjé ṣóńṣó-ṣóńṣó nìkan ló wà níbẹ̀. Ó rántí ìrọ̀rí, ó rántí àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sókè. Ọwọ́ ọ̀tún tó bá nà gbalaja, àtàǹpàkò rẹ̀ á wà níhà tí ti ọwọ́ òsì tó dojú bolẹ̀ máa ń wà; bí a bá ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì la yà.

"Ọwọ́ òsì ni mo ṣe é fún," ó wí.

"Ọwọ́ òsì mi ti ṣíwájú wa," Sumie ní. "Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i níbi tó lọ." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló gbà á.

Kiyoharu jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Genzo lórí fóònù, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Genzo ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, òun ni àgbà ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀rọ tẹlifóònù ló fi ayé rẹ̀ tún ṣe.

"Kiyo, ìwọ tó ń pariwo bébà, bébà lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lórí!"

"Mo tẹ bébà, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́wọ́ lé e."

"Ọwọ́ wo?"

Kiyoharu wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Genzo kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ò lè kan bọ́tìnnì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn ni?"

"Ẹsẹ̀ wọn ò wọ ihò láti ibẹ̀. Kí ó lè fẹ́lẹ́, olójú kan ni mo yà, èyí tí bọ́tìnnì ń wọ̀ láti iwájú nìkan."

"Áà." Genzo mí kanlẹ̀. "Ogún ọdún la ti ń ya olójú méjì. Bó bá ṣì, a yí i pa dà. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ mọ́ nínú wa."

Àtúnṣe náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni Kiyoharu tẹ̀, gbogbo ọwọ́ náà sì yí pa dà lójú rẹ̀. Ó tún ọ̀nà bàbà fà, ó fi fáìlì ránṣẹ́, ó sì rí èsì láàárín wákàtí kan: ẹ kú ọdún o, a ti tilẹ̀kùn fún ọdún tuntun àwa ará Ṣáínà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ó pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbìyànjú àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, ọdún kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ó pe ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe bọ́ọ̀dù ẹyọ kan parí kí oṣù kan tó pé.

Lọ́jọ́ kejì, Genzo wọ bọ́ọ̀sì wá nínú òjò dídì pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan tí kò ní bọ́ọ̀dù nínú rárá, wáyà ló fi so àwọn bọ́tìnnì pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ga bí abọ́ oúnjẹ ọmọ ilé ìwé.

"Mo mọ̀ pé ó burẹ́wà," ó wí fún Sumie. "Ẹ má wo ojú rẹ̀, aya àbúrò mi. Èmi náà kò dára lójú, ṣùgbọ́n mò ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin dára jù ú lọ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ká tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi ga dé ibẹ̀. Sumie tẹ bọ́tìnnì kan, ó tẹ èkejì. Òógùn bò ó. Bó ti fẹ́ tẹ ẹ̀kẹta ni ọwọ́ náà yọ̀ kúrò lórí tówẹ́ẹ̀lì, ó sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n gbé e pa dà, ó tún yọ̀. Ní ìgbà kẹrin ó ní kí wọ́n gbé e kúrò, ó ní ó dà bíi pé òun ń gun àtẹ̀gùn. Genzo di wáyà rẹ̀ sínú àpò. Lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì bọ bàtà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Kiyoharu kò rí nǹkan kan ṣe. Ó ń se ìrẹsì rírọ̀, ó ń fi síbí bọ́ ọ. Ó ń fi òróró fọwọ́ pa ìka rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì ń kà wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìka kan kọ̀, kò gbéra mọ́. Kiyoharu lọ ṣí àwòrán bọ́ọ̀dù náà, ó kó àwọn bọ́tìnnì ìka yẹn kúrò, ó pín wọn fún ìka méjì tó kù, ó tún ọ̀nà bàbà gbogbo fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó parí ló rántí pé ilé iṣẹ́ ti gba fáìlì àkọ́kọ́ wọlé, wọn kì í sì í gba àtúnṣe lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó lè yí pa dà nínú rẹ̀ mọ́. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń sún ọ̀nà kan díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì. Ó ń gbọ́ èémí Sumie láti pálọ̀.

Chinami tẹ wọn láago. Ikùn rẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé lẹ́tà ti parí?"

"Bàbá rẹ ló ń gbẹ́ kálàmù rẹ̀ lọ́wọ́," Sumie wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sọ ọ́ kí Chinami tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìparí oṣù kejì ni bọ́ọ̀dù tuntun dé. Kiyoharu wo ó lójú, ó wo ó lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ lé e nígbà mẹ́wàá. Ó ṣe é tán kí oòrùn tó yí. Ó gbé e wọlé, ó sì fi ọwọ́ Sumie lé e láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ìka wọ àyè wọn wẹ́kú, àtàǹpàkò rí ilé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sinmi pẹrẹsẹ.

"Ó bá mi mu," Sumie wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Bẹ̀rẹ̀ ibi tó bá wù ẹ́."

Ó dijú, bó ti máa ń dijú ní ọ́fíìsì èbúté kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun. Lẹ́tà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: a. Kiyoharu pàtẹ́wọ́, kò mọ̀ pé òun pa á. Òmíràn tẹ̀ lé e, a, òmíràn sì tún tẹ̀ lé e, wọ́n ń tò lọ láìdáwọ́ dúró, wọ́n kún ìlà àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ sí èkejì. Sípíríǹgì náà rọ̀ bí ó ti fẹ́ kó rọ̀. Ìka tó bọ́ sílẹ̀ fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní agbára tí yóò fi dìde.

"Ẹ gbé e," Sumie wí.

Kiyoharu bá a gbé ìka náà. Àwọn lẹ́tà dúró.

"Ọmọ yẹn á ní ìyá àgbà òun ń pariwo."

"Jẹ́ ká tún un ṣe. Kí n máa gbé e, kí o máa tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tún un ṣe. Ó fi ìka rẹ̀ méjì gbá ìka Sumie mú bí ẹni mú labalábá, ó ń dúró kí ìka náà fi hàn án ibi tó ń lọ. Ó dúró títí. Kò rí i. Ìgbà tó tú u sílẹ̀ díẹ̀, ó já bọ́ sórí bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà mìíràn sì tún kún.

"Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀ o," Kiyoharu wí kánkán.

"Èmi náà kọ́," ni Sumie wí.

Ó ní ó ti rẹ òun, ó sì sùn. Kiyoharu gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó bò ó. Ó pa dà jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, níbi tí ìlà mẹ́rin ti wà lórí ojú ìwé òfìfo. Lẹ́tà àkọ́kọ́, Sumie ló tẹ ìyẹn, ó dá a lójú. Bóyá èkejì náà. Ó fẹ́ pa àwọn tó kù rẹ́ kí ó sì tọ́jú ti Sumie. Ó gbé máòsì lọ sí ìdí wọn, ó ń kà wọ́n bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò sì rí ibi tí yóò ti gé e.