Òwú Tí A Fi Pín Ẹyin

Ọkàn mi wà lórí òṣùwọ̀n nílé ìwòsàn, dókítà méjì sì ń jiyàn lé e lórí. Èmi fúnra mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àyà òfìfo, mò ń wò wọ́n. Kò dùn mí. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọn kò ní lè dá a padà fún mi, mo sì fẹ́ ẹ padà gan-an.

Dókítà Òjẹ́wálé, tí irun rẹ̀ ti funfun, ní kí n jáwọ́ nínú ẹyin àti ọ̀rá ẹran, nítorí ọ̀rá tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń dí ọ̀nà ọkàn. Dókítà Àlàdé, obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó takò ó.

“Ẹ má bínú, sà. Òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹyin kọ́ ló ń kó gbogbo ọ̀rá yẹn wọlé. Ẹ̀dọ̀ náà ń ṣe é, ó sì tún ń ti ìdílé wá.”

Ẹ̀dọ̀ mi dáhùn láti inú mi pé bẹ́ẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ni òun ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kí òun kú iṣẹ́ rí. Mo kí i.

Ẹyin bíbọ̀ kan wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé ti sú òun: wọ́n á pe òun ní apààyàn, kò ní pẹ́ wọ́n á tún máa wá òun kiri. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń lé tí wọ́n tún ń pè padà. Mo rẹ́rìn-ín.

Àwọn dókítà náà wù mí. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì á dákẹ́, á gbọ́ ọ tán. Àwọn tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa kò níwà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ń wọ̀, ọkàn mi sì ń lù díẹ̀díẹ̀ lórí irin tútù. Ẹ̀rù bà mí.

Ògiri di aṣọ kakí, a sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, Súbérù aránṣọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti kú tipẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni láyé, kì í fẹnu kan ọ̀rá, síbẹ̀ ìdí ẹ̀rọ yìí ni ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá tó bí i jẹ ẹran ọlọ́ràá títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún mi rí.

Bàbá mi wo àwọn dókítà méjèèjì, ó wo ẹyin. Ó já òwú búlúù kan nínú ẹ̀rọ, ó nà án sí Dókítà Àlàdé.

“Àbúrò ló ń pín,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú.”

Bó ṣe máa ń ṣe fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Òwú la fi ń pín ẹyin nílé wa, a kì í lo ọ̀bẹ, kí pupa rẹ̀ má baà fọ́. Mo máa ń ṣọ́ra kí n pín in dọ́gba, torí mo mọ̀ pé èyí tó bá ṣẹ́kù ni tèmi.

Dókítà Àlàdé yí òwú ká ẹyin, ó fà á. Ó là á dọ́gba. Ẹyin kò ké. Dókítà Òjẹ́wálé wo ìdajì méjèèjì títí, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ tòun ti pupa rẹ̀.

“Ohun tí mo sọ nípa ẹyin, mo sọ ọ́ jù,” ó ní.

“Èmi náà ò tíì mọ gbogbo ẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò.”

Ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Mi ò rí àgbà tó gbà ní gbangba pé òun ṣì í sọ, tó sì tún níyì sí i báyẹn rí.

Bàbá mi gbé ọkàn mi kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó fi í sáyè rẹ̀, ó sì fi òwú kan náà rán àyà mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Mi ò sọ fún un nígbà tó wà láyé pé aránṣọ gidi ni. Mo wá sọ fún un.

“Bàbá, ọkàn tiyín ńkọ́?”

“Wọ́n pín in,” ó ní. “Mo ní kí wọ́n máa mú.”

Ó tẹrí ba láti fi eyín gé òwú, bó ṣe máa ń ṣe. Eyín rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ tí mo fi jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Lábẹ́ ọmú òsì mi, ṣóńṣó òwú búlúù kan yọ síta, ó ń mì bí ọkàn mi ṣe ń lù. Mi ò fà á.