Nọ́ńbà Tí Mo Kọ Fún Ọkọ Mi

Iṣẹ́ mi ní ọsibítù ni kí n ka ohun tí dókítà kọ, kí n wá fi nọ́ńbà àìsàn náà sára káàdì. Kò sí àìsàn tí kò ní tirẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mọ̀ mí pé ẹnu mi mú, mi ò sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí káàdì Shehu, ọkọ mi, dé iwájú mi ní 1993, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Kókó kan ló kọ́kọ́ yọ sí i lọ́rùn. Kò dùn ún, a sì ṣebí kò le. Nígbà tó yá, ara ń yún un, ó ń rù, bó bá sì di òru, òógùn rẹ̀ á rin ẹní gbingbin. Oògùn ikọ́ ife ni wọ́n ti ń fún un kí wọ́n tó gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni, èyí tí í mú àwọn kókó tó ń bá àrùn jà nínú ara wa. Dókítà ní irú ti Shehu máa ń gbọ́ oògùn, bí a bá ṣáà ti lò ó tán.

Ìyá ọkọ mi ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ àrùn náà létí ọmọ òun. Bí a ti ń ṣe nílé wa náà nìyẹn. Mo pa ẹnu mọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ oògùn náà. Lẹ́yìn ìkejì, Shehu bì títí, irun orí rẹ̀ ń re. Ó ní òun ò lọ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Inú bí mi, mo ti ìlẹ̀kùn yàrá.

"Bàbá Hadiyyah, jẹjẹrẹ ló ń ṣe yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, Kàdíját. Ẹni tó ń kú lọ, kí ni wọ́n tún ń gún un lábẹ́rẹ́ sí? Jẹ́ kí n kú sílé mi."

Háà! Àṣé bí a ṣe fi orúkọ àrùn pamọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ la fi ìwòsàn rẹ̀ pamọ́. Mo bú sẹ́kún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló ní ẹ ń kú lọ? Mo ti kọ nọ́ńbà yìí fún obìnrin kan rí. Ó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé. Lọ́dún tó kọjá, káàdì rẹ̀ tún dé iwájú mi. Ọmọ bíbí ni mo kọ sí i."

Ó bi mí pé, "Lóòótọ́?"

"Wàláì."

Ó nu ojú mi. "Èmi ò kúkú lè lóyún," ó ní. "Bí káàdì tèmi bá tún dé iwájú rẹ, ibà ni kó o kọ sí i. Jí mi ní àsùbáà, ká tètè lọ gba abẹ́rẹ́ náà."