Ohun Tó Pa Màlúù Ẹ̀gbọ́n

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ojú Dókítà le, ẹ má jiyàn. Obìnrin tó ń la òkú ẹran láti mọ àrùn tó pa á, tó ti ń ṣe é títí irun orí ẹ̀ fi funfun, kí ló tún kù tí yóò bà á lẹ́rù? Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ọkọ̀ gbé òkú màlúù wá síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Ìran màlúù tí màmá wọn fi wàrà rẹ̀ tọ́ wọn dàgbà ni.

Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ dúró gba ìkíni. "Pẹ̀lẹ́ ló fún un ní májèlé jẹ! Ṣebí òun ló pariwo pé màlúù mi ò ní jẹ àgbàdo òun mọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Ṣáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, Àbúrò. Láti ibí, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn."

Pẹ̀lẹ́ kẹ̀! Inú Dókítà bà jẹ́. Ọmọ aládùúgbò wọn ni Pẹ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jọ máa ń da màlúù màmá lọ sódò. Ẹ̀gbọ́n á ṣíwájú bí ọ̀gágun, òun á wà láàárín, Pẹ̀lẹ́ á máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ìrìn rẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ọ̀nà, abẹ́ ikùn màlúù ni wọ́n máa ń sá sí, wọ́n á fún mọ́ra, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí òjò á fi dá. Títí dòní, bí Dókítà bá gbóòórùn irun màlúù tó tutù, omi á lé sí i lójú. Ayé ìgbà yẹn dùn, àbí kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

"Ẹ jókòó síta, Bùrọ̀dá," ló wí. "Mi ò lè kọ ohun tí mi ò tíì rí."

"Mi ò jókòó síbì kankan. Ìṣojú mi ni wàá ti là á."

Ó mú ọ̀bẹ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé ohun tí ẹni tó ni ẹran bá rò, ẹnu ọ̀nà ni kí á fi í sí. Ó yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ó yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò. Nígbà tó la àpò tó bo ọkàn, òórùn ọyún gba gbogbo yàrá, ẹ̀gbọ́n yára fi apá bo imú. Ọyún ti bo ọkàn náà pátápátá, ó nípọn bí ẹyin díndín. Májèlé kì í ṣe báyìí. Dókítà tọpa rẹ̀ lọ sẹ́yìn, sí ikùn kékeré tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, níbi tí ohun líle tí màlúù bá gbé mì máa ń há sí. Ìka rẹ̀ kan nǹkan. Ó fà á yọ. Wáyà ni, ó ti gún ikùn já, ó sì ti dé ọkàn.

Ó fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. "Inú koríko ló wà tó fi gbé e mì. Màlúù kì í ṣa oúnjẹ."

Ẹ̀gbọ́n yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé e. Lẹ́yìn ìjà àgbàdo ló fi wáyà ṣe ọgbà láàárín ilẹ̀ òun àti ti Pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé e, ìbínú ò sì jẹ́ kó ṣa ìgékù rẹ̀ nílẹ̀.

"Mo gbé!" ló wí. "Mo ti pè é ní ìkà lójú gbogbo àdúgbò." Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ènìyàn, tiẹ̀ sì ti fọ́.

Ó yọ fóònù, àbúrò rẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́. Ohùn Pẹ̀lẹ́ dé, ó ń falẹ̀ bí ìgbà èwe.

"Wáyà mi ló pa á," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kì í ṣe ìwọ."

Ta ni ò ní retí èébú? Àmọ́ ohun tí Pẹ̀lẹ́ béèrè ni pé, "Ṣé ó jìyà?" Òun ló kúkú fọwọ́ fa màlúù náà jáde lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i.

Ẹ̀gbọ́n wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wu Dókítà kó purọ́. "Ó pẹ́ tó ti ń jẹ̀rora, Bùrọ̀dá," ló wí.

"Ó jìyà," ni ẹ̀gbọ́n sọ sínú fóònù, ó sì bú sẹ́kún. "Ó jìyà gan-an, ọ̀rẹ́ mi, mi ò sì mọ̀."

"Èmi mọ̀," ni Pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Mo máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, bó ṣe ń ká ẹ̀yìn, tó ń kérora. Mo fẹ́ wá sọ fún ẹ. O ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ mọ́."