Àpótí Tó Wà Lórí Àjà

Omi ni wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí. Ọjọ́ tí àwọn aláàánú láti Àkúrẹ́ kó fáólìnì mẹ́jọ, ohun èlò orin olókùn, wá fún àwọn ọmọ wa ní Zion Pepe, ìlú wa orí omi, Ìyáàfin Adétutù, olórí wọn, tẹnu mọ́ ọn: “Àyálò ni. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Èyí tó bá bàjẹ́, a ó gbà á.”

Kò sẹ́ni tó dárúkọ iná.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a bá fẹ́ràn, àjà òkè iná tí a fi ń yan ẹja là ń gbé e sí. Ibẹ̀ ni káàdì ìdìbò mi wà, ibẹ̀ ni àwọ̀n tuntun wà. Ọ̀rinrin kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà, bí Khalidat bá ti ta fáólìnì rẹ̀ tán, màá dì í sínú àpótí, màá gbé e sókè. Àbúrò mi tó ti kú ló bí Khalidat. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Èmi ló ń pè ní màmá.

Sátidé tí wọ́n ń bọ̀ wá yan ọmọ kan ṣoṣo tí wọn yóò mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin, mo ṣí àpótí láàárọ̀ kí n nù ún. Pákó ojú fáólìnì náà ti ṣí kúrò lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàfo náà gba ìka mi. Ó ń rùn bí ẹja yíyan.

Mo pa á dé. N kò sọ fún ọmọ.

Èrò tó wá sí mi lọ́kàn, ojú ń tì mí. Mo ní, bí ọkọ̀ bá dà, ta ni yóò bi mí léèrè? Ọkọ̀ ń dà níbí. Khalidat mọ omi í wẹ̀. Wọn á ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọn á wá òmíràn fún un.

A wọkọ̀. Èmi ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lẹ́yìn. Òun jókòó níwájú, àpótí lórí itan.

“Màmá, ẹ ò sọ̀rọ̀.”

“Omi ni mò ń wò.”

“Ẹ ń wò ó bí ẹni tí ò rí omi rí!”

A dé ibi tí odò ti fẹ̀, tí kò sí ilé. Mo wo ẹ̀yìn. Mo wo iwájú. Mo sún ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tẹ ọkọ̀. Ọkọ̀ fì. Omi wọlé.

Khalidat kò di ọkọ̀ mú. Àpótí ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé sókè orí, ó ń ṣubú lọ sẹ́yìn, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo rí i kedere: ọmọ yìí ò ní lúwẹ̀ẹ́. Kò ní ju àpótí sílẹ̀.

Mo fi ara sọ ẹ̀gbẹ́ kejì, mo fa aṣọ rẹ̀. Ọkọ̀ dúró.

“Àpótí ò tutù!” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, kò tutù rárá!”

Ní èbúté, Tíṣà Godwin tó ń kọ́ wọn lórin ń dúró dè wá. Ó fa imú. “Ìyá Khalidat, ṣé ẹja lẹ gbé wá fún wa nínú àpótí ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Adétutù na ọwọ́ sí àpótí.

“Kí ẹ tó ṣí i, mà,” mo ní. “Èmi ni. Orí àjà iná ni mo ń gbé e sí. Ọmọ ò mọ̀. Ẹ má yọ orúkọ rẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Khalidat.

Obìnrin náà ṣí i. Tíṣà fi ìka kan pákó. “Kò fọ́, mà. Gúlúù ló yọ́. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti sọ pé èyí tó bá bàjẹ́, a ó gbà á.” Ìyáàfin Adétutù gbà á lóòótọ́, ó gbé e sẹ́yìn rẹ̀. Ó wá yíjú sí Promise, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tirẹ̀ tán. “Yá a ní tìrẹ.”

Promise gbá fáólìnì rẹ̀ mọ́ra. “Tó bá wá borí mi ńkọ́?”

Nígbà tó yá, ó nà án sí Khalidat. “Má fi òórùn ẹja yín ràn án o.”

Khalidat ṣì í ta ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Mo di ojú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ta á dé òpin.

Nígbà tí gbogbo wọn ti ta tán, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè.

“Ṣùgbọ́n fáólìnì kankan ò ní wọ ilé yín mọ́, ìyá,” ni Ìyáàfin Adétutù wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Nígbà tí à ń padà, kò sí àpótí lórí itan rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ máa dùn, ṣùgbọ́n omi ló ń wò títí a fi dé ibi tí odò ti fẹ̀.

“Màmá, ṣé ọkọ̀ ló fì láàárọ̀, àbí ẹ̀yin lẹ fì í?”

“Èmi ni.”

Ó sún wá sí àárín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi délé.